Omi Kò Mọ Táìsì: Bí A Ṣe Ń Ṣe Ilẹ̀ Balùwẹ̀ Tí Kò Ní Jò

Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbádùn ọlidé ní Òṣogbo níbí, èmi wà nílé wa ní Iléṣà, mo ń ru yanrìn. Kì í ṣe pé mo dẹ́ṣẹ̀ o. Balùwẹ̀ ìyá àgbà wa la ń tún ṣe. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n bẹ olóòtú wa pé kó fún mi láyè lórí pátákó yìí, torí mo mọ̀ pé irú balùwẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílé wa gbogbo.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ilé àtijọ́ ni ilé náà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ọmọ ìyá àgbà dáwó jọ, wọ́n ní kí ìyá àwọn má jáde sínú òkùnkùn mọ́ torí àtiwẹ̀. Wọ́n gé díẹ̀ lára yàrá wọn, wọ́n sọ ọ́ di balùwẹ̀, wọ́n lẹ táìsì dídán sí i, wọ́n so ṣáwà mọ́ ògiri. Gbogbo ẹbí ló wá wò ó. Àfi bó ṣe di pé, kó tó pé ọdún kan, ògiri pálọ̀ tó fara ti balùwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ibi tó làágùn náà wú, ó ń ré bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìyá àgbà yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, egungun kankan ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń tiro. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìyá àgbà wo ẹ̀yìn lóòótọ́. Omi ọṣẹ tó dúró bí adágún ni wọ́n rí.

Birikílà àkọ́kọ́ ní táìsì tí a rà ni kò dáa. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ birikílà la wá pè láti wá wò ó. Bàbá ò tilẹ̀ fọwọ́ kan irinṣẹ́. Wọ́n ní kí n bu omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wá, wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n ní ká máa wò ó. Omi náà rìn díẹ̀ sọ́nà ihò, ó dúró bí ẹni tó ń ronú, ó yí padà, ó forí lé ẹnu ọ̀nà. Bàbá ní, "Ṣé ẹ rí i? Táìsì yín ò ṣẹ̀. Ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ yìí ni kò bá omi sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé: báwo la ṣe ń bá omi sọ̀rọ̀?

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ ÀTIJỌ́ MỌ̀

Balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ yẹn, kò ní táìsì kankan. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò sílẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí apá kan, ojú ìṣàn kékeré kan gba abẹ́ ògiri kọjá, omi sì ń lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò. Omi kì í dúró níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sì mọ ohun tó fà á.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná nílẹ̀ Yorùbá. Ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Iléṣà, àwọn èèyàn ti fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Wọn ò tẹ́ àpáàdì náà ní pẹlẹbẹ o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé nàró, wọ́n tò wọ́n ṣìnkìn bí egungun ẹja, níbòmíràn wọ́n sì to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín wọn. Frank Willett wú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Ìta Yemòó nínú iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, Peter Garlake náà sì rí i ní ilẹ̀ Ọbalára ní 1971 sí 1972. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, tó jẹ́ obìnrin, ló ní kí wọ́n tẹ́ ìlú nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun láṣọ. Bí ẹ bá tẹ àpáàdì tó nàró bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí i pé ó ní etí púpọ̀ tí ẹsẹ̀ lè dì mú. Táìsì dídán ò ní irú etí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará òkèèrè náà mọ̀ ọ́n. Ní Mohenjo-daro, ìlú àtijọ́ kan tó wà ní ilẹ̀ Pakistan òde òní, ọ̀pọ̀ ilé ló ní ibi ìwẹ̀ tiwọn ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn. Bíríkì sísun ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ó sì dagẹ̀rẹ̀ sí gọ́tà. Adágún ìwẹ̀ ńlá kan tún wà níbẹ̀. Kí omi inú rẹ̀ má bàa jò, wọ́n fi ọ̀dà dúdú sí i, ìbátan èyí tí wọ́n ń yọ́ sójú títì wa lónìí.

Ẹ bá mi ka ohun tó wà nínú ìtàn wọ̀nyí: ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀, ohun tó ń dí omi lọ́nà, ọ̀nà tí omi máa gbà jáde, àti ojú ilẹ̀ tí kì í yọ̀. Mẹ́rin péré. Balùwẹ̀ ìyá àgbà tó ná ẹbí lówó tó bẹ́ẹ̀, ihò nìkan ló ní nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ihò náà sì ga ju ẹnu ọ̀nà lọ.

OMI DÀ BÍ ÒṢÓMÀÁLÓ

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí Òṣómàáló jẹ́. Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò náà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní dìde títí á fi gba owó rẹ̀. Bí omi ṣe rí nìyẹn. Kì í jà, kì í pariwo. Á kàn lóṣòó síbì kan, á máa dúró.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé táìsì ló ń dá omi dúró. Òótọ́ ni pé táìsì fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Àmọ́ àárín táìsì kan sí ìkejì ńkọ́? Sìmẹ́ńtì funfun ni wọ́n fi ń dí i, sìmẹ́ńtì sì ní àwọn ihò tín-ín-tìn-ín tí ojú ò lè rí. Bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì gòkè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ihò náà ń fa omi. Omi á gbabẹ̀ wọ kọnkéré, á tara kọnkéré wọ ìdí ògiri, á sì máa gun ògiri lọ. Ìdí nìyẹn tí ògiri pálọ̀ fi ń làágùn nígbà tí páìpù kankan ò bẹ́.

Tó bá jẹ́ ilé bílọ́ọ̀kù ni, ẹwà ògiri ló máa kọ́kọ́ bà jẹ́. Ti ilé alámọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Itọ́ kọ́ ni wọ́n fi mọ ilé ìyá àgbà, amọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n amọ̀ tó bá ń mu omi lójoojúmọ́ ò yàtọ̀ sí itọ́ mọ́. Ilé alámọ̀ pọ̀ ní Iléṣà, ó pọ̀ ní Òṣogbo, àwọn èèyàn sì ń gbé balùwẹ̀ wọ inú wọn báyìí. Ìdí tí mi ò fi lè dákẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ fi èyí sọ́kàn: táìsì, aṣọ ni. Awọ ara balùwẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

BÍ A ṢE ṢE É

Èkíní, ọ̀nà àbájáde. A fọ́ ilẹ̀ àtijọ́ náà pátápátá. Kí a tó da kọnkéré kankan, páìpù la kọ́kọ́ rì, páìpù íǹṣì 2, òun náà dagẹ̀rẹ̀ lọ síta. Lábẹ́ ihò, páìpù náà tẹ̀ kọdọrọ, kí omi tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 lè máa dúró nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Omi tó dúró níbẹ̀ yẹn ló ń dí òórùn àti aáyán lọ́nà. Tí balùwẹ̀ yín bá ń rùn lẹ́yìn ìrìn àjò ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ọrùn páìpù ló gbẹ. Ẹ da omi sí i.

Èkejì, ìpìlẹ̀. A gún ilẹ̀ pa dáadáa, a tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn lé e kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa gòkè, a wá da kọnkéré tí àwọn birikílà ń pè ní German floor lé e, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Sìmẹ́ńtì páànù 1, yanrìn páànù 2, òkúta wẹ́wẹ́ páànù 4. Orí mi ló ru èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìdagẹ̀rẹ̀. Ibí ni birikílà àkọ́kọ́ ti kùnà. Òfin rẹ̀ ò le: fún mítà 1 kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sílẹ̀ sọ́nà ihò, ìyẹn 1 nínú 50. Balùwẹ̀ náà gùn ní mítà 1.8, ó fẹ̀ ní mítà 1.2. Ihò wà láàárín ìdí ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Báwo ni igun tó jìnnà jù ṣe jìnnà sí ihò tó? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi olùkọ́ ìṣirò pé kí ni Pythagoras wúlò fún, ẹ gbọ́: 1.8 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 3.24, 0.6, ìyẹn ìdajì fífẹ̀, lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 0.36, àròpọ̀ wọn jẹ́ 3.6, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.9. Mítà 1.9 lọ́nà sẹ̀ǹtímítà 2 jẹ́ 3.8. Nítorí náà, igun yẹn ní láti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 4 ga ju ihò lọ. Bàbá birikílà ò mọ Pythagoras lórúkọ, àmọ́ nígbà tí wọ́n fa okùn láti igun dé ihò tí wọ́n sì fi téèpù wọ̀n ọ́n, 1.9 náà ni wọ́n bá. Inú mi dùn bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Wọ́n po sìmẹ́ńtì 1 mọ́ yanrìn 4, omi rẹ̀ ò pọ̀. Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, á dì mọ́ra, omi ò ní kán. Wọ́n tẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà 4 lẹ́nu ihò àti 8 ní igun tó jìnnà jù. Wọ́n tún rí i pé ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti yàrá lọ lẹ́nu ọ̀nà, kí omi tó bá gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀ má bàa wọlé ìyá àgbà.

Ẹ̀kẹrin, sùúrù. Sìmẹ́ńtì kì í kàn gbẹ. Ó ń le ni, omi tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. Tí omi yẹn bá tètè gbẹ, ilẹ̀ á sán, á sì máa hó bí ìyẹ̀fun. Ọjọ́ 7 la fi tẹ́ àpò tó rin lé e, tí mo ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn náà la wá jẹ́ kó gbẹ. Bí a ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ ni pé a lẹ náílọ́ọ̀nù kan mọ́lẹ̀ yí ká lálẹ́. Tí ìrì bá wà lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, kò tíì gbẹ.

Ẹ̀karùn-ún, awọ ara. Ọ̀dà dúdú wúlò, àmọ́ sìmẹ́ńtì táìsì kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ẹni tó bá lò ó ní láti tẹ́ sìmẹ́ńtì míì lé e. Èyí tí àwa lò jẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń po mọ́ nǹkan olómi funfun bíi mílíìkì. Bàbá kọ́kọ́ fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo igun kó rí roboto, nítorí igun tó ṣe ṣóńṣó ló máa ń sán. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì: ìkíní lọ lóòró, ìkejì lọ ní ìbú, kí ìkejì lè bo ohun tí ìkíní fò. Wọ́n kùn ún gun ìdí ògiri yí ká tó sẹ̀ǹtímítà 15, ṣùgbọ́n níbi tí ṣáwà ti ń tú omi, wọ́n kùn ún dé mítà 2.

Ẹ̀kẹfà, ìdánwò. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lẹ táìsì kankan kó tó yege. A dí ihò pa, a mọ odi kékeré sẹ́nu ọ̀nà, a rọ omi sí i, mo fi pẹ́ńsù sàmì sára ògiri níbi tí omi dé. Ó di wákàtí 24. Ìyá àgbà ní àwọn ò rí irú èyí rí, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ omi bí ọ̀daràn.

Lọ́jọ́ kejì, omi ti fi bí ìbú ìka kan lọ sílẹ̀ sí àmì. Àbúrò bàbá mi ní oòrùn ló fà á, ká máa bá iṣẹ́ lọ jàre. Bàbá birikílà wò wọ́n, wọ́n ní, "Oòrùn wo ló wọ balùwẹ̀ tí a tilẹ̀kùn mọ́?" Ẹnu kò ní ọ̀rọ̀ kankan. A gbọ́n omi náà dànù, a jẹ́ kó gbẹ, a rí i pé ọrùn páìpù ni, níbi tí kọnkéré ti pàdé rọ́bà. Wọ́n ha á, wọ́n fi àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, wọ́n tún un kùn lẹ́ẹ̀mejì. A tún rọ omi sí i. Lẹ́yìn wákàtí 24, omi ṣì wà lórí àmì mi. Ká ní a ti lẹ táìsì ni, abẹ́ táìsì ni Òṣómàáló ìbá lóṣòó sí.

Èkeje, aṣọ. Ìyá àgbà fúnra wọn ló yan táìsì. A ṣáà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú èyí tí ojú rẹ̀ ṣe wúruwùru, tó sì kéré. Táìsì kékeré máa ń tẹ̀ lé ìdagẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, ojú àárín rẹ̀ tó pọ̀ sì ń fún ẹsẹ̀ ní ohun tí á dì mú. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì kún ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa. Tí ẹ bá kan táìsì lójú tó dún bí ìlù, òfìfo wà lábẹ́ rẹ̀, omi á sì gbé ibẹ̀. Wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri, wọ́n sì fi èròjà yẹn dí ibi tí ìdè irin ti wọlé.

OMI TÓ JÁDE ŃKỌ́?

Iṣẹ́ ò tíì parí. Omi ọṣẹ tó bá ń ṣàn sójú ọ̀nà á sọ ibẹ̀ di ẹrẹ̀ àti ilé ẹ̀fọn, aládùúgbò á sì bínú. Sókàwéè la darí tiwa sí. Níbi tí èèyàn ti ń mu omi kànga, bí tiwa ní Iléṣà, kí sókàwéè jìnnà sí kànga tó mítà 30, ó kéré tán. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ, kó kọ́kọ́ wo ibi tí kànga tirẹ̀ wà, kó sì wo ti aládùúgbò náà.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ FÚN GBOGBO WA

Tí ẹ bá délé lónìí, ẹ dán èyí wò. Ẹ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ balùwẹ̀ yín, kẹ́ ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú 5. Ibi tó bá dúró sí, ẹ sàmì sí i. Ẹ fi ìka kan àwọn táìsì, kẹ́ ẹ gbọ́ èyí tó ń dún bí ìlù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sẹ́yìn ògiri balùwẹ̀, ẹ fọwọ́ pa á láti ìdí dé ìwọ̀n orúnkún. Tó bá tutù, tó rọ̀, tàbí tó ń ré, ẹ sọ fún àwọn òbí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ má sọ pé, "Balùwẹ̀ yín ò dáa." Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá wo nǹkan kan." Ẹ jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí Bàbá birikílà ṣe jẹ́ kó sọ fún wa.

Tó bá sì jẹ́ pé ilé yín ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe balùwẹ̀, ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ bi birikílà: "Ọjọ́ wo la máa rọ omi sí i, ká tó lẹ táìsì?" Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà wa ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àgbàrá inú ilé náà nìyẹn. Ìyá àgbà ti ń wẹ̀ nínú balùwẹ̀ wọn báyìí, wọ́n ń di irin mú, ẹsẹ̀ wọn ò yọ̀. Ògiri pálọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ní ọjọ́ tí mò ń padà bọ̀ wá sí Òṣogbo, wọ́n pè mí wọlé, wọ́n da omi abọ́ kan sílẹ̀, àwa méjèèjì sì jọ wò ó títí ó fi wọ ihò lọ tán.